Ọ̀pá Pupa

Ẹ má bi mí léèrè ilé ìjọba wọn tó ga.
Mo rí i. Mo ka àtẹ̀gùn rẹ̀ dé ogún, orúnkún kọ̀,
mo jókòó síbẹ̀, mo ń fi ìwé ìléwọ́ fẹ́ra
bí ẹni tó ń dúró de owó ìfẹ̀yìntì ní Adó.

Olú-ìlú ni, ṣùgbọ́n kò ní òkè kan ṣoṣo.
Ilẹ̀ tẹ́jú bí ẹní Ògòtún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́,
odò aláwọ̀ amọ̀ ń wọ́ lọ létí rẹ̀.
Ọwọ́ ni wọ́n fi kó erùpẹ̀ jọ kí omi má baà wọlé,
Mojírọ́lá ọmọ mi ní, "Màámi, ẹ wá gun òkè."
Èmi tí wọ́n bí sẹ́bàá àpáta Ìkéré!
Mo gùn ún tán kí n tó rẹ́rìn-ín parí.

Bátọ̀n Rúùjù.
Ọ̀pá pupa ni, lédè Faransé àwọn tó kọ́kọ́ wakọ̀ débẹ̀:
òpó kan létí odò, ẹ̀jẹ̀ ẹran lára rẹ̀,
ààlà láàárín ọdẹ sí ọdẹ.
Orúkọ náà gún mi níbì kan,
n kò tètè mọ ibẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé a lọ kí Bàbá Tibodó,
ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún.
Ìyàwó rẹ̀, Ọdelíà, pọ́n bí oyin;
ó ní ẹ̀jẹ̀ mẹ́rin ló ń ṣàn lára òun,
ọ̀kan gba orí òkun wá, kò mọ orúkọ rẹ̀.
Ó gbé ìkòkò kalẹ̀. Mo ṣí ìdérí.
Ilá!
Ilá àti edé odò, ọbẹ̀ dúdú bí kòkó tó gbẹ.
Wọ́n wá dà á sórí ìrẹsì. Ìyẹn ni n kò tíì dárí rẹ̀ jì wọ́n.
Mo ní, "Lọ́dọ̀ tiwa, ulá ni."
"Ulá," Ọdelíà tún un pè,
ó pè é dáadáa ju ọmọ tí mo bí lọ.

Bàbá ń bó edé. Kò gbójú sókè.
"Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Faransé nìkan ni mo gbọ́.
Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, mo fi èdè ìyá mi tọrọ ààyè.
Tíṣà nà mí. Mo tọ̀ sára.
Ó ní kí n kọ ọ́ nígbà igba pé n kò ní sọ ọ́ mọ́.
Mo gbọ́ràn. Ọmọ márùn-ún ni mo bí,
ọ̀kan kò gbọ́ ọ."

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ mi.

Nítorí mo ní ọ̀pá kan rí, ní Ògòtún,
àtòrì tí mò ń fi epo pa kó má baà ṣẹ́;
epo ti sọ ọ́ di pupa.
Fátúnlà, ọmọ ìyá ahunní, ló ní lọ́jọ́ òjò kan,
"Tíṣà, mo fẹ́ lọ sí ulé."
Ulé! Kì í ṣe ilé, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì.
Mo nà án lẹ́ẹ̀mejì, ẹyọ kan fún èdè kọ̀ọ̀kan
tí kò sọ.
Mo fi pátákó kọ́ ọ lọ́rùn títí aago méjì fi lù.

Mo délé, n kò tíì tú àpótí
tí mo fi wọ mọ́tò Ògòtún, irúgbìn Ọdelíà nínú pọ́ọ̀sì.
Fátúnlà ti hewú. Rédíò wà létí rẹ̀.
Mo kúnlẹ̀, èmi tíṣà.
Ó fò dìde: "Háà, Mà, ẹ dìde, ènìyàn ń wò wá."
Ọmọ-ọmọ rẹ̀ yọjú: "Gúùdù ìfínìn, Mà."
Mo na irúgbìn sí i. "Ulá rè é."
Ó wo bàbá àgbà rẹ̀, ó ń retí ìtumọ̀.
"Fátúnlà, ọjọ́ òjò yẹn..."
Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti gbàgbé, Mà."

Mo dé Ìgbárà-Odò, mo dé Ìlawẹ̀,
mo ṣì ń rò ó nínú mọ́tò,
ewo ló gbàgbé.